Ìpẹtà

Láti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Bọ́lá
páànù ni mo ń rí, páànù lórí páànù,
gbogbo rẹ̀ pọ́n bí omi àgbo.
Ìka a máa yún mi bí mo bá ń wò wọ́n:
ká ní ìlú yìí ṣeé fà wọ inú kọ̀ǹpútà,
ǹ bá ti fọ̀ ọ́ tán kílẹ̀ tó mọ́.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwòrán ni mo ń fọ̀.
Ìyàwó tí kò sùn mọ́jú ìgbéyàwó,
èmi ni mo ń mú wíwú kúrò lábẹ́ ojú rẹ̀.
Ọkùnrin kan ní kí n bá òun yọ ikùn. Mo yọ ọ́.
Ó wò ó títí, ó ní kí n dá díẹ̀ padà,
kí ìyàwó òun lè dá òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Oyèékọ́lá wọlé,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún so bọ́ọ̀gì mọ́ bọ́ọ̀gì
ní rélùwéè Dùgbẹ̀.
Fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló mú dání.
Iwájú ilé wọn ní Fọ́kọ̀ ni wọ́n ti yà á, lórí àga,
àwòrán náà ṣú bí ìdí ìkòkò.
"Jẹ́ kó mọ́," ó ní. "Mo fẹ́ gbé e kọ́ ògiri kí n tó kú,
kí wọ́n má baà lọ yan èyí tí mo ti ń sín."

Mo jókòó. Mo fa ìmọ́lẹ̀ sókè.
Òkùnkùn sún sẹ́yìn, fìlà yọ, etí yọ.
Mo pa wáyà iná rẹ́, mẹ́sàn-án, tó ta kókó lókè orí rẹ̀.
Mo pa ewúrẹ́ rẹ́.
Iṣẹ́ ti mọ́ ọwọ́ lára, kò bi mí kó tó yà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́:
ìhunjọ, ó lọ. Àpá ẹ̀gbẹ́ ojú, ó lọ.
Àbàjà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì,
mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni ń rẹ́ ògiri.
Ó dán. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bàbá gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́.
"Ọmọ ta nìyí?"
"Ẹ̀yin ni, sà."
Kò bínú. Ó fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka owó nínú òkùnkùn.
"Títa ríro la fi kọ ọ́. Mo ké, ìyá mi ké,
omi ìgbín ni wọ́n fi tù mí lójú.
Ó jinná, ó di oge,
ìwọ wá fi eku oníke pa á rẹ́
kí n tó mu ife omi kan tán.
Olóolà tó ń fẹ̀yìn rìn ni ọ́.
Àpá yìí náà ńkọ́? Irin bọ́ọ̀gì ló fún mi, l'Óṣogbo,
lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí àkọ́bí mi.
Níbo ni kí n ti lọ gba òmíràn?"

Mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá nǹkan padà.
Mo tẹ̀ ẹ́, ilà kan. Mo tẹ̀ ẹ́, ilà kan.
Àpá padà sí àyè rẹ̀.
Ewúrẹ́ dé, koríko ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.
"Àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé yẹn, ti Mùdáṣírù ni.
Ọdún kẹta rèé tó ti jẹ mí lówó.
Kò gbọdọ̀ bá mi wọ fọ́tò."

Mo pa àwo rẹ́.
Ihò kan ṣẹ́ kù lórí òrùlé, funfun,
bí ibi tí eyín ti yọ.
Mo ya ìpẹtà díẹ̀ lára páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.
Kò bá a mu. Ó pupa jù.
Mo wo ojú fèrèsé, mo wo inú kọ̀ǹpútà,
mo bu dúdú díẹ̀ sí i, mo tún wo ìta.
Bàbá ti lọ. Iná ti lọ, bátìrì ń ké.
Mo ṣì wà nídìí páànù kan
tí kò ju èékánná lọ,
mo ń wá bí yóò ṣe dípẹtà dáadáa.